Land Rover Bàbá Mi Kò Kú, Òùngbẹ Ló Ń Gbẹ Ẹ́

Ǹjẹ́ ẹ ti rí i rí kí wọ́n fẹ́ sin ẹni tí kò tíì kú? Mo rí i ní agboolé wa ní Ọ̀bà-Ilé, ní oṣù August ọdún 2023. Ẹni tí wọ́n fẹ́ sin náà kì í ṣe ènìyàn o, mọ́tò ni. Land Rover tí bàbá mi fi sílẹ̀ sáyé lọ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìẹ ń yé ẹyin sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ti sọ ọ́ di ilé ìṣeré.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tí ń ra irin àlòkù gbé lọ́rì dé. Wọ́n mú òòlù ńlá àti ẹ̀rọ tí ń gé irin dání. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì ti dúnàádúrà tán kí n tó jáde láti inú ilé. Ìyá wa ni kò gbà. Ó rọra rìn lọ sí iwájú ọkọ̀ náà, ó jókòó sórí irin iwájú rẹ̀, ó káwọ́ lé orúnkún, ó ní, "Ó dáa. Ẹ gé èmi náà mọ́ ọn."

Àwọn onírin wo ara wọn lójú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mẹkáníìkì ti sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ó ní àfi ká ra Tòkunbọ̀ mìíràn. Ibo la ti fẹ́ rówó rẹ̀?" Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, kì í ṣe ìwà ìkà ló ń hù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ti ìyá wa náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó ló ń kó láti oko wá sí Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù May ọdún náà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé òpin dé bá owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó tí àwọn onímọ́tò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Bí òjò bá sì rọ̀, kò sí onímọ́tò tí yóò gbà láti wọ ọ̀nà oko wa rárá. Nígbà méjì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi ti pọ́n tán, tó sì rà sí oko, nítorí pé kò sí ohun tí yóò gbé e.

Mo wá sọ fún wọn pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fún mi títí ilé ìwé yóò fi wọlé. Bí n kò bá rí i ṣe, èmi fúnra mi ni yóò pe àwọn onírin padà." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń tún mọ́tò ṣe?" Ṣùgbọ́n ó gbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún mi. Ohun tí mo kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹni tí ó ní ọkọ̀ àgbà lábẹ́ igi kò kéré.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ Í ṢE

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ náà, nítorí ẹni tí kò mọ ìdílé aláìsàn kò lè mọ àìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler tó parí ní 1945, Ọ̀gbẹ́ni Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo Jeep àlòkù kan tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi sílẹ̀, ní oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey. Ó rò ó pé ilé iṣẹ́ tiwọn náà lè ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù April ọdún 1948, wọ́n fi Land Rover àkọ́kọ́ han gbogbo ayé níbi ìpàtẹ mọ́tò ìlú Amsterdam. Irin ṣọ̀wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí náà aluminiomu ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ara Land Rover àgbà kì í fi í dípẹtà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ o: irin gidi ni férémù abẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì máa ń jẹrà bí ẹ̀fúùfù àti ẹrẹ̀ bá ń bá a gbé.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, àwọn aṣọ́gbó àti àwọn tí ń la ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbé e wọ inú ìgbẹ́. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ Leyland ń to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Ìbàdàn. Tiwa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní Series III, tí wọ́n ṣe láti 1971 títí di 1985. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣe tiwa, ibi gbànjo ni bàbá mi sì ti rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, epo bẹntiróòlù ló ń lò, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Ní ọjọ́ 29 oṣù January ọdún 2016, wọ́n ṣe èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìran ọkọ̀ àtijọ́ yìí ní Solihull. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà ní ọjà, ẹni tí ó bá sì ní sípánà, súkúrúdíráíbà àti sùúrù lè dé ìdí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ́ŃJÌNNÌ KÒ JU ÀÀRÒ LỌ

Ìwé ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ náà wà nínú àpótí bàbá mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo kà á ní òru mẹ́ta. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ẹ́ńjìnnì kò ju ààrò tí àwọn ìyá wa fi ń dáná lọ. Ààrò ń fẹ́ igi, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì ń fẹ́ iná tí a ó fi ràn án. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì ń fẹ́ iná pulọ́ọ̀gì. Mẹ́ta yìí ló ń fún un ní ìyè. Àwọn méjì mìíràn ló ń fún un ní ẹ̀mí gígùn: ọ́ìlì, kí irin má baà máa ha irin, àti omi, kí ooru má baà pa á. Ẹni tí ó bá mọ ohun márùn-ún yìí, bí mọ́tò bá ṣẹ́kù sí ọ̀nà, kì í sáré kiri bí adìẹ tí wọ́n ń lé. Yóò kàn máa bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé epo ni o kò rí ni? Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Ṣé iná ni?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé n kò gbìyànjú láti tan án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jí i dìde. Mo fi òkúta dí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fa epo ọdún mẹ́ta jáde nínú táǹkì, nítorí epo tó pẹ́ máa ń bàjẹ́, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Mo tú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, mo bá ìtẹ́ eku nínú rẹ̀, tòun ti awẹ́ obì tó gbé pamọ́. Mo wá tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè rin inú sílíńdà tó ti gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì, mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà dúdú bí ẹ̀kù ìkòkò, ṣùgbọ́n kò funfun bí ọ̀gì. Inú mi dùn. Bí ọ́ìlì bá ti rí bí ọ̀gì tàbí wàrà, omi ti ń wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé orí ẹ́ńjìnnì ti sán tàbí pé gáákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́ìlì àtijọ́ náà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo pààrọ̀ fílítà, mo sì rọ tuntun sí i, irú èyí tí wọ́n kọ 20W-50 sí lára. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba bíi lítà mẹ́fà, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí fílítà yóò mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga. Omi tí àwa àti àwọn ọmọ wa ń mu ló ń bàjẹ́.

ÌṢIRÒ MẸ́SÀN-ÁN

Land Rover àgbà ní irin ńlá kan tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú bí bátìrì bá kú. Irin yìí ni mo fi ṣe àyẹ̀wò. Mo dá pulọ́ọ̀gì padà, mo sì rọra ń yí i. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá dé ibi tó ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, irin náà yóò kọ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ẹni ń ti ènìyàn padà. Àkọ́kọ́ kọ̀, ìkejì kọ̀, ìkẹrin kọ̀, ṣùgbọ́n ìkẹta kò ní agbára rárá. Ó ń jò.

Mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ ni àwọn fáàfù mẹ́jọ wà, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, ìkejì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Láàárín fáàfù kọ̀ọ̀kan àti irin tí ń tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí àlàfo tín-ín-rín wà, ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 0.25. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, ẹ ó máa gbọ́ "kẹ́-kẹ́-kẹ́" bí aró alágbẹ̀dẹ. Bí kò bá sí rárá, fáàfù kò ní lè pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, agbára yóò máa jò lọ. Ti fáàfù karùn-ún, ọ̀kan nínú méjì tí í ṣe ti sílíńdà kẹta, ti dí pátápátá. Ọ̀bẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo kò wọ ibẹ̀ rárá.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí, nítorí olùkọ́ ìṣirò ni mí. A kò lè wọn fáàfù kan bí kò bá tíì padé dáadáa. Báwo ni a ó ṣe wá mọ ìgbà tó padé? Ìwé náà ní kí a ka fáàfù láti iwájú lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8, kí a sì máa yọ nọ́ńbà èyí tó ṣí jù kúrò nínú 9. Èyí tó kù ni a ó wọ̀n. Bí ìkẹjọ bá ṣí, ẹ wọn ìkíní. Bí ìkẹfà bá ṣí, ẹ wọn ìkẹta. Bí ìkẹrin bá ṣí, ẹ wọn ìkarùn-ún. Méjèèjì á máa jẹ́ 9 nígbà gbogbo. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìwé karùn-ún wá síbẹ̀, mo ní kí ó máa yọ ọ́ fún mi. Kò ṣì mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a parí, mo tún fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, sílíńdà kẹta sì kọ̀ sí mi lọ́wọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó ti kú ń tì mí padà!

INÁ ÀTI EPO

Ó ku iná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ pulọ́ọ̀gì, mo sì ṣí àlàfo ẹnu wọn sí mìlímítà 0.75. Mo ṣí àpótí kékeré tí ń pín iná, mo fi ìwé yanrìn tó kúnná nu àwọn irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ń yà nínú rẹ̀, mo sì ṣe àlàfo wọn sí mìlímítà 0.35 sí 0.40. Mo wo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n tò bí ó ti yẹ. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, bí iná ṣe ń kàn wọ́n nìyí: ìkíní, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì. Bí ẹ bá tú wáyà tí ẹ kò sì sàmì sí wọn, ẹ ó jókòó sídìí ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Lára ẹ̀rọ tí ń fa epo, ife gíláàsì kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ̀gbin àti omi tó bá wà nínú epo máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bá omi àti ìpẹtà tó tó ṣíbí mẹ́ta nínú tiwa. Láti ọjọ́ náà, ife yẹn ni ẹlẹ́rìí mi: bí mo bá ra epo, tí mo sì rí omi níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, n kò jẹ́ tún ra epo níbẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a yá bátìrì aládùúgbò wa. Mo fa kọ́kọ́rọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú sára aṣọ tí wọ́n sá, ó sì dìde! Gbogbo adìẹ agboolé wa fọ́n ká. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó di ọwọ́ mú ẹnu.

IBI TÍ MO TI ṢÌṢE

Ẹ̀yin ará, ìgbéraga ló ń ṣáájú ìparun. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọwọ́ tí ń sọ ooru fi dé ibi pupa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú rédíétọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Dípò kí n dúró, mo fi ọwọ́ òfìfo ṣí ìdérí rẹ̀. Omi gbígbóná tú jáde bí ìbọn, ó bó mi láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá.

Ìyá mi sáré mú epo pupa wá. Aládùúgbò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá a dúró. Ó fa ọwọ́ mi sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kò yẹ kí a fi epo, ẹyin, ọ̀gì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí ojú ibi tí omi gbígbóná bá jó. Omi tútù tí ń ṣàn ni, lẹ́yìn náà aṣọ mímọ́, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Àpá rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ mi lónìí, ṣùgbọ́n ó tó láti máa rán mi létí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ máa ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kí ó má baà hó bí ó tilẹ̀ ju ìwọ̀n 100 lọ. Ní kété tí ẹ bá ṣí i, gbogbo omi náà yóò fẹ́ di oru lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ dúró títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀ láìsí pé ẹ yára gbé e kúrò.

Ní ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Àbúrò, ohun tí mẹkáníìkì yẹn rí ni o rí yìí. Ó hó, ó ní ó ti kú." Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà ń hó, ṣùgbọ́n ta ló béèrè ohun tó ń mú un hó?

ÒÙNGBẸ NI

Nígbà tí ọwọ́ mi san díẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ tú rédíétọ̀ sílẹ̀. Lóde rẹ̀, eruku, kòkòrò àti èso koríko ti dí gbogbo ojú rẹ̀ bí ẹni rẹ́ ilé. Inú rẹ̀ tún burú jù. Ọdún pípẹ́ ni a ti ń fi omi kànga kún un. Ilẹ̀ olókùúta ni tiwa, omi rẹ̀ sì máa ń fi ìpẹ́pẹ́ funfun sílẹ̀, irú èyí tí ẹ máa ń rí ní ìdí kẹ́tùlù. Ìpẹ́pẹ́ yìí àti ìpẹtà ti dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀. Omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà kọjá. Ọkọ̀ náà ń bẹ nínú omi, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

A fi omi rọ́bà kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní òdìkejì ọ̀nà tó ń gbà ṣàn, kí ìdọ̀tí lè padà síbi tó ti wọlé. Omi bíi ti ẹrẹ̀ pupa ni ó kọ́kọ́ jáde. Odidi ọ̀sán kan la fi ṣe é kí omi tó mọ́. A tún rí i pé wọ́n ti yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ sọ nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá yọ ọ́, ọkọ̀ kò ní gbóná. Àṣìṣe ni. Ọkọ̀ tí kò ní in máa ń pẹ́ kí ó tó yá, ó sì ń jẹ epo jù. Kò sì lè la rédíétọ̀ tó ti dí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ lọ sí Gate ní Ìbàdàn, ó ra tẹmọ́sítáàtì, rọ́bà omi méjì àti bẹ́líìtì tí ń yí fáànù. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti là kiri bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Dípò omi kànga, a ra omi rédíétọ̀ tí wọ́n po oògùn ìpẹtà mọ́. Bí agbára kò bá ká a, omi òjò tó mọ́ sàn ju omi kànga lọ.

A tún tan án. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ìdajì wákàtí kọjá, wákàtí kan kọjá. Ọwọ́ tí ń sọ ooru dúró sí àárín gbùngbùn, kò mì.

IBI TÍ ỌWỌ́ TÍṢÀ MỌ

Mo ti fẹ́ wà á jáde ní ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí a pe mẹkáníìkì àgbà kan wá láti Àkúrẹ́ kí ó wò ó. Bàbá náà gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà." Ó tún àkókò iná rẹ̀ ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ ràì.

Ó wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ tí kò lè lọ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Èyí tí kò lè dúró ló ń pa ènìyàn."

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń wá ohun tí yóò mú un lọ, n kò ronú kan ohun tí yóò mú un dúró. Bàbá náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú bíréèkì àti omi rẹ̀ pátápátá. Mo san owó iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi gbọ́yà: n kò sọ pé kí a lé àwọn mẹkáníìkì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí onílé mọ ilé rẹ̀ kí ó tó pe kọ́lékọ́lé. Bíréèkì, sítíárìn àti ohunkóhun tó bá kan dídúró ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Gbogbo owó tí a ná kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n pè fún ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀.

ÌTỌ́JÚ TÍ Ó RỌRÙN

Èyí ni ohun tí a ń ṣe sí i ní ilé wa báyìí. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

1. Ní àràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi, ẹ sì wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń jò.

2. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì fáànù. Kí ó rọ̀ níwọ̀n ìdajì íǹṣì, kí ó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo omi bátìrì, afẹ́fẹ́ táyà àti omi bíréèkì.

3. Ní ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fọ abọ́ ọ́ìlì tí ń gba eruku lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ẹ sì rọ ọ́ìlì tuntun sí i dé ojú àmì. Eruku tó bá wọ inú sílíńdà dà bí yanrìn nínú gàrí.

4. Ní ìgbà òjò, bí ẹ bá fẹ́ la odò kọjá, ẹ fi irin kékeré tí wọ́n ṣe fún un dí ihò ìdí àpótí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Bí ẹ bá gòkè tán, ẹ yọ ọ́, kí ọ́ìlì tó bá jò má baà dúró síbẹ̀. Bí omi bá jìn, ẹ yẹ ọ́ìlì gíà àti ti ìdí ẹsẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

5. Ní máìlì 3,000 kọ̀ọ̀kan, àwa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà, a ń wo pulọ́ọ̀gì, a sì ń ṣe ìṣirò mẹ́sàn-án.

6. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú ilé tí a sé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

ỌJỌ́ TÍ A LỌ SÍ OKO

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú kí ilé ìwé wọlé, a gbé Land Rover lọ sí oko. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà náà ń yọ̀ bí ilá. Mo fi gíà tí ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó ń gun òkè náà bí ìjàpá, kò yára, kò sì dúró. A di ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀ títí táyà fi tẹ̀. Ìyá mi jókòó síwájú, kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Nígbà tí a já ẹrù tán, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà pẹ́pẹ́pẹ́, bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá yín ì bá rẹ́rìn-ín lónìí."

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi tó pe àwọn onírin, òun ni olùtọ́jú ọkọ̀ náà báyìí. Kí n tó jí lówùúrọ̀, ó ti fa irin ọ́ìlì yọ, ó ti fi aṣọ nù ún, ó ti wò ó. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, yóò ní, "Tíṣà, rọra. Ìwọ lo fi ọwọ́ òfìfo ṣí rédíétọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ̀ yín ti kú, ẹ má tíì pe agbẹ́sàréè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti mu omi.